Ìyálé Mi Kọ́ Ni Yóò Wẹ Ọmọ Nimota

Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2025.

Nimotallahi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Adémidé ọkọ rẹ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Àwa náà wà níbí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń fi rìn. Wasiu ẹ̀gbọ́n rẹ wá láti Òkè-Afá ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ kí n wá kọ lẹ́tà yìí.

Morọ́lá tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Òkóta ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀mpútà, á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo mọ̀ pé a lè pe ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀, wàá ti bá mi mú ọ̀kan, èyí tó o bá sì mú kì í ṣe tèmi. Morọ́lá kì í já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ń sanwó fún un.

Wasiu ní o sọ fún òun pé mo ti ń ṣarán. Ó ní o ní kí òun gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Nítorí kí ni? Nítorí àrọ. Àrọ lásán. Lọ́jọ́ tó o pè, mo fẹ́ sọ fún ọ pé àrọ kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní èyí tí a fi ń da epo sínú ìgò, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ìwọ wá ń pariwo, "Màámi, kí ni? Màámi, kí ni?" bí ẹni tí ilé ń jó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta rọ́bà ní Ìsọlọ̀ yìí: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àrọ. Mo mọ àrọ. Orúkọ rẹ̀ ló há. Nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, tí mi ò tilẹ̀ wá a mọ́, ó bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo kígbe, "Àrọ!" Gbogbo ayálégbé yọjú wò mí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, o ní kí n gbé fóònù fún Ìyá Teslim, ìyálé mi. Ó gbà á, ó pè ọ́ ní Àwẹ̀ró, ó kì ọ́, ó ka gbogbo ilé bàbá rẹ láti Ìsẹ́yìn dé Èkó, ó ṣàdúrà lé e. Ìwọ ń sunkún. Wasiu wò ó lójú fóònù fún mi: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lo lò pẹ̀lú rẹ̀. Tèmi kò pé mẹ́rin. Ṣé òun ló bí ọ ni?

Fèsì.

Èmi ni,
Ìsíátù tó bí ọ.


Leeds,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú orúnkún. Adémidé ní kí n kí yín. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín níbi àrọ yẹn, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Màámi, mo lóyún. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní oṣù keje ni n ó bí. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù nítorí ohùn fóònù yín máa ń lọ sókè, gbogbo ilé ni ì bá ti gbọ́ kó tó dé etí yín.

Ẹ má bínú nípa ohun tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Wasiu. Ẹ mọ irú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ti ń lọ ni. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tíṣà nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní orúkọ kọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ gbàgbé. Kọ́ọ̀pù lásán. Nísinsìnyí kò mọ ọmọ náà mọ́. Nígbà tí ẹ̀yin náà ń wá orúkọ nǹkan tí ẹ ti tà fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá mú yín lọ sí ọsibítù.

Nǹkan kan tún kù. Ẹ mọ̀ pé ìyá ẹni ló máa ń wá wẹ ọmọ ẹni. Èmi àti Adémidé ti rò ó síwá sẹ́yìn. A fẹ́ kí Ìyá Teslim wá. Wọ́n fi ọdún mẹ́fà jù yín lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn dá ṣáká, wọn kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Màá padà síbi iṣẹ́ ní kíákíá, àwọn àti ọmọ nìkan ni yóò máa wà nílé. Mi ò lè fi ọmọ tí mo wá fún ọdún mọ́kànlá sí ọwọ́ ẹni tí kò dá mi lójú. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín.

Ẹ dákun, ẹ má máa pe ìyálé yín ní "ó" nínú lẹ́tà. Kò dáa.

Ọmọ yín,
Nimota.


Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2025.

Nimota,

Mo gbọ́ ti oyún. Alhamdulilahi. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Mo ti fi sààráà ẹ̀kọ àti àkàrà ránṣẹ́ sí iléekéwú, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn dé ibi tí o ti dárúkọ Ìyá Teslim nínú lẹ́tà rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, Morọ́lá ń kà á, mo ní kí ó dúró, mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Wọ́n. Ó dáa. Morọ́lá, máa kọ "wọ́n".

Ìyálé mi kọ́ ni yóò wẹ ọmọ náà. Gbọ́ ìdí rẹ̀.

Tẹ́ní, ayálégbé wa tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, bímọ ní oṣù Kejìlá. Ó ní kí Ìyá Teslim bá òun wẹ ọmọ, nítorí ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti wẹ̀ nínú ọgbà yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ lé e. Tẹ́ní na kànrìnkàn sí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Tẹ́ní rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ kò ní pa mí lẹ́rìn-ín!" Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ojú wọn. Wọn kò ṣàwàdà. Wọ́n wá na ọwọ́ sí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, tí a kò tíì fi omi tútù sí. Mo gba ọmọ náà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá Teslim bú mi, wọ́n ní mo ti ń jowú àwọn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Tẹ́ní náà gbà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní nǹkan. "Ìyàwó, bá mi gbé nǹkan yẹn sórí nǹkan, kí nǹkan má baà dà nù." Àwọn ará ilé ti mọ̀ ọ́n bá wọn gbé e. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí ni. Èmi gbàgbé orúkọ àrọ, ṣùgbọ́n bó o bá gbé àrọ fún mi, màá fi da epo. Ti ìyálé mi kì í ṣe orúkọ nìkan ló lọ. Nǹkan náà ti ń bá orúkọ lọ.

Bó o bá fẹ́ gbà, gbà. Bó ò bá fẹ́, gba omi gbígbóná.

Ìsíátù, ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ilé.

Mo pe Ìyá Teslim lánàá. A sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Wọ́n béèrè ara mi, wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n kì mí láti òkè dé ilẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí ojú mi fi kún fún omi. Ṣé ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Owú ni, Màámi. Owú ni láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, Ìyá Teslim ra bàtà pupa fún mi de Iléyá, ẹ gbé e lọ sọ sínú kòtò. Mo rí yín. Mi ò sọ ọ́ rí. Owú náà kò kúrò lára yín ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ tún fẹ́ gba ohun tí mo fẹ́ fún wọn.

Bọ̀ọ̀dá Teslim ti ń bá wọn ṣe pásípọ́ọ̀tù. Mo ti kọ ìwé ìpè sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ba a jẹ́.

Nimota.


Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2025.

Nimotallahi,

Mo kí ọ. Oṣù kan ni mi ò fi dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé ara mi kò yá. Mo ń bínú ni. Wasiu wá bẹ̀ mí, mi ò gbà. Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá wàásù ní mọ́ṣáláṣí pé ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kí ó fi ìbínú sílẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní ó dáa, màá kọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́.

Bàtà yẹn, òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ nù. Èmi náà ti ra bàtà fún ọ, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de ọjọ́ Iléyá. Ìyálé mi fi tiwọn sí ọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, o ń fò káàkiri ọgbà. Tiwọn dára ju tèmi lọ. Mo jowú. Mo jowú wọn nígbà tí èéyi mú ọ, tí ẹ̀yìn wọn nìkan ni o ń sùn sí. Mo jowú wọn nítorí ẹnu wọn, nítorí èmi kò mọ oríkì í kì. Bàbá rẹ Sùlè, kí Ọlọ́run dárí jì í, máa ń sọ pé bí Ìsíátù bá kí èèyàn, bí ẹni tó ń béèrè gbèsè ni. Mo sì ń jowú wọn lónìí tí mò ń sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n olówú náà lójú. Ohun tí mo rí ni mo sọ fún ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Pè wọ́n. Má kí wọn. Má jẹ́ kí wọ́n kì ọ́. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣínu àwẹ̀. Bi wọ́n pé aṣọ wo ló wà lára wọn. Bi wọ́n pé kí ló wà ní iwájú wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n á sá wọ inú àdúrà bí adìẹ ṣe ń sá wọlé tí òjò bá ṣú. Má tẹ̀ lé wọn wọbẹ̀. Dúró síta, tún un bi.

Teslim ní òun á mú wọn lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ara kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Wọ́n ní àwọn kò lọ àfi tí èmi bá lọ. Mo ti gbà láti lọ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu.

Ìyá rẹ,
Ìsíátù.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2025.

Màámi,

Mo pè wọ́n. Mo ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ fi ṣínu lónìí?" Wọ́n ní, "A ṣínu, ọmọ mi, a dúpẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Mo ní, "Ẹ̀kọ ni àbí ìrẹsì?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní, "Èwo nínú méjèèjì?" Wọ́n tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní, "Aṣọ wo ló wà lára yín?" Wọ́n ní, "Aṣọ tó dára ni. Ìwọ náà á wọ irú rẹ̀." Mo ní, "Àwọ̀ wo ni?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àwẹ̀ró. Mi ò dáhùn, bí ó ti wù kó ṣòro tó. Mo tún un bi. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé, wọ́n ní, "Má bi mí mọ́. Ìyàwó ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní ìyàwó.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òyìnbó, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tó dé ní Yorùbá. Mi ò tíì lè sọ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin náà jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ẹ̀rù yín ṣì ń bà mí.

Nimota.


Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, 2025.

Nimotallahi,

Ẹ kú ewu ọdún. Oyún ńkọ́? Jẹ iṣu, má jẹ búrẹ́dì nìkan.

A lọ. Wasiu àti Teslim mú wa lọ. Dókítà náà ń jẹ́ Àyànníyì, kò tó Wasiu lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ ìkíni. Èmi ni ó kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n ka orúkọ ẹranko tí mo bá mọ̀, òun á máa wo aago. Mo ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní oògùn? Ó ní kí n ṣáà máa kà. Mo ka mẹ́rìnlá. Ó fi àwòrán hàn mí, mo ń dárúkọ wọn. Ó dé orí ẹranko kan, ó há. Mo ní, "Àwọn Gàm̀bàrí ló ń sìn ín. Ọrùn rẹ̀ gùn. Iké wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń jẹun bí ẹni tó ń yọ ṣùtì síni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, rà..." Mo ní, "Ràkúnmí!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n fúnra mi rí i.

Ó kan ìyálé mi. Wọ́n kí dókítà títí ó fi dìde dúró kí wọn padà. Ó fẹ́ràn wọn ju èmi lọ, mo rí i. Ó ní kí wọ́n ka ẹranko. Wọ́n ní ewúrẹ́, àgùntàn, ewúrẹ́, adìẹ, ewúrẹ́. Wọ́n dúró níbẹ̀. Ó fi ràkúnmí hàn wọ́n. Wọ́n ní ewúrẹ́ ńlá. Ó ní, "Rà..." Wọ́n ń wò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, "Ràkúnmí." Wọ́n ní, "Ọlọ́run á fún ọ ní tìrẹ." Ó gbé òòyà fún wọn. Wọ́n fi ń gbá orí tábìlì rẹ̀.

Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Láti ọdún 1974 ni mo ti ń bá obìnrin yìí díje, lórí ọbẹ̀, lórí ọmọ, lórí ọkọ, kò sí ọjọ́ kan tí mo borí wọn. Mo borí wọn lọ́jọ́ náà. Mo wo Teslim, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ìṣẹ́gun náà sí.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ tó ń há sí mi lẹ́nu, ọjọ́ orí ni. Ó ní mo dà bí ẹni tó ń tú àpò ara rẹ̀, tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Á pẹ́, á rí i. Ti ìyálé mi, ó ní àpò ló ń jò. Mo bi í pé oríkì àti àdúrà ńkọ́? Ó ní ohun tí ènìyàn ti ń sọ bí orin láti kékeré máa ń pẹ́ kí ó tó jò dànù. Ó ní ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé kì í fi í tètè mọ̀.

Wọ́n fún wọn ní oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní dá ohun tó ti lọ padà. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi.

Ìsíátù, ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin, 2025.

Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo ṣẹ̀ yín. Mo gbọ́ ẹnu tó dùn, mo fi ṣe ẹ̀rí. Ibi tí ẹ ti ń wá ọ̀rọ̀, tí ó yẹ kí n dúró dè yín, mi ò dúró. Àwọn àgbà òyìnbó ni mo ń dúró dè níbi iṣẹ́, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Ẹ wá wẹ ọmọ fún mi. Mo ti yí ìwé ìpè sí orúkọ yín. Bí ẹ bá kọ̀, màá mọ̀ pé mo jẹ̀bi, mi ò ní bá yín jà.

Ta ni yóò máa wà pẹ̀lú Ìyá Teslim bí ẹ bá wá? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ yín,
Nimota.


Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 2025.

Nimota ọmọ mi,

Má máa dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú oyún. Mo ti gbọ́.

Fíìsà jáde ní Ọjọ́bọ̀. Satidé tó ń bọ̀ ni mo ń bọ̀. Wá pàdé mi fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni, n kò gbọ́ èdè wọn. Mo ń gbé òrí àti kànrìnkàn bọ̀. Má retí oríkì. Bí ọmọ bá ń sunkún, màá ní kí ó dákẹ́.

Teslim àti Lateefah ìyàwó rẹ̀ ti kó wá láti Àìlégùn, wọ́n ti wọ yàrá Wasiu àtijọ́. Mo kọ́ Lateefah ní gbogbo rẹ̀: pé bí ìyálé mi bá ní "nǹkan", kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ojú wọn wà, pé kí ó má fún wọn ní iná, pé kí ó má ṣe bá wọn mú ọ̀rọ̀ kíákíá. Oṣù mẹ́ta ni mo dá fún ọ. Tó bá ti pé, mo ń padà. Lateefah kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ wọn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí n tó dé. Mo kó ẹrù mi sínú báàgì, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa ti ẹ̀yìnkùlé dé, ìyálé mi ti wé gèlè, wọ́n ti jókòó ti báàgì náà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló ń rìnrìn àjò?"

Mo ní, "Èmi ni." Mo sọ ọ́ sókè. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń dúró kí n sọ irú rẹ̀ fún wọn. "Èmi ni mò ń lọ wẹ ọmọ Nimota." Ojú wọn já wálẹ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Kò pẹ́, wọ́n tún ní, "Ìyàwó, ta ló ń rìnrìn àjò?" Mo ní, "Èmi ni." Ojú wọn tún já wálẹ̀, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn tó ti àkọ́kọ́.

Ìgbà kẹta, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló ń rìnrìn àjò?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, ìyálé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọ́n di ọwọ́ báàgì náà mú, wọ́n ní, "Ta ni yóò wá máa tọ́jú ilé?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ìsíátù, ìyá rẹ.